Bọ̀dá Johnson Padà Sídìí Sítíárì

Ojú ọkùnrin kan ń fọ́, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́ tí kò ní dà bíi pé mò ń bo àṣìṣe ara mi mọ́lẹ̀. Johnson Ọlọ́runníyì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, dírẹ́bà ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Bọ̀dá Johnson ni mò ń pè é, "ẹ" ni mo sì ń fún un lójúkojú, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n máa kọ "wọ́n" jálẹ̀ ìtàn yìí, ẹ óò máa wá àwọn yòókù kiri. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó". Kò ní bínú. Ohun tó yẹ kó bí i nínú pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Èmi ni Ṣínà Akínfẹ́nwá, mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀tìgbà, ní Ìkẹjà. Èmi àti Shuaib la jọ háyà yàrá kan níbẹ̀ láti 1996: èmi ń tún un ṣe, òun ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, a sì jọ ń jà lójoojúmọ́ lórí ẹni tó kàn láti lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Lọ́dún kejì, nínú ẹrù tòkunbọ̀ kan tí a dìjọ rà, a bá sítíárì kan pẹ̀lú pẹ́dà méjì, ti iná àti ti búréèkì. Kì í ṣe ti mọ́tò, ti kọ̀ǹpútà ni. Ẹ óò dè é mọ́ etí tábìlì, ẹ óò to pẹ́dà sílẹ̀, ẹ óò sì máa sá eré ìje ọkọ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé inú ọkọ̀ gan-an lẹ wà. Oníbàárà mẹ́rin ló yẹ̀ ẹ́ wò, kò sẹ́ni tó rà á. Wọ́n ní kí làwọn fẹ́ fi ọkọ̀ tí kò lè gbé èèyàn dé Agége ṣe.

Bọ̀dá Johnson gbé kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀ wá fún àtúnṣe, ó jókòó tì mí kí n ṣe é tán, ó sì rí sítíárì náà. Ó bèèrè bóyá òun lè fọwọ́ kàn án. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó bọ́ bàtà. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sókè, ó tún gíláàsì tí wọ́n fi ń wẹ̀yìn ṣe, gíláàsì tí kò sí níbẹ̀ rárá. Èmi àti Shuaib rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tó fi máa dìde, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, a ò sì rẹ́rìn-ín mọ́, torí ọkùnrin náà mọ ọkọ̀ wà.

Ẹ ní láti mọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Ọ̀gá rẹ̀, Madam Oyinadé, kì í fẹ́ kí ọkọ̀ kọjá ọgọ́ta. Láti Ọmọ́lé dé Aláúsá, láti Aláúsá padà sí Ọmọ́lé, ohùn kan ṣoṣo ló ń gbọ́ lẹ́yìn: "Rọra, Johnson." Ó ti gbọ́ "rọra" fún ọdún mọ́kànlá. Nínú eré yìí, kò sí ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyí: "Ṣínà, mo wẹ̀yìn, kò séèyàn!" Ọ̀sán Sátidé kì í yẹ̀ ẹ́. Ojú ọ̀nà ìje náà wà ní ìlú òyìnbó kan tí ahọ́n wa ò lè pè, ló bá sọ ibẹ̀ lórúkọ fún ara rẹ̀. Ibi tó gùn tó tọ́, ó pè é ní Ọba Akran. Kọ́nà tó ká sí òsì bí ìwọ̀ ẹja, ó pè é ní Ìyànà Ìpájà. Ní 1998, ó yí gbogbo rẹ̀ po ní ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdì méjìdínlógójì. Èmi tí mo ni nǹkan, n kò wà á dé ìṣẹ́jú kan àti àádọ́ta rí. Shuaib ní tiẹ̀ kì í parí, inú ògiri ló ń sùn.

Lọ́dún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Fúnmilọ́lá, ìyá Ìlérí ọmọ wọn, ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan lẹ́yìn rélùwéè ní Agége. Tíṣà ni Fúnmilọ́lá, obìnrin jẹ́jẹ́, onígbàgbọ́ tí kì í ṣe ti ojú ayé. Níbi ìsìn ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, Bọ̀dá Johnson wo àbẹ́là méje tó wà lórí pẹpẹ, ó rí òrùka yí ìkọ̀ọ̀kan wọn ká, pupa lóde, àwọ̀ aró nínú, bí òṣùmàrè kékeré. Ó sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì í. Ẹni náà sọ ọ́ fún ẹni tó wà níwájú. Wòlíì ìjọ ní kí wọ́n mú un wá, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní ojú ẹ̀mí ọmọ yìí ló ń ṣí. Ìjọ bú sí Halelúyà.

Kí oṣù tó parí, wọ́n ti fi í joyè aríran. Wọ́n fún un ní ọ̀já àlùkò àti àga níwájú, wọ́n sì yan akọ̀wé kan tì í tí yóò máa kọ ìran rẹ̀ sínú ìwé, ọjọ́ àti wákàtí, nítorí ní ìjọ wọn, ìran tí a kò kọ sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí àlá. Wọ́n mú un jẹ́jẹ̀ẹ́ pẹ̀lú: ojú tí Ọlọ́run ti ṣí kò gbọdọ̀ wo eré mọ́. Ó wá sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo kí i kú oríire. Ọmọ Oǹdó ni mí, ọmọ Áńgílíkà, n kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n àǹfààní wo ló wà nínú kéèyàn máa bá ẹni tínú rẹ̀ ń dùn jiyàn? Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí n bi í lọ́jọ́ náà: ṣé ìgbà tórí bá ń fọ́ yín lẹ máa ń rí òrùka yìí? N kò bi í. Ẹnikẹ́ni ò bi í.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Ọ̀tìgbà ti di ọjà ńlá, èrò kún un débi pé èèyàn ò lè na apá. Sátidé kan ní 2003, mo gbójú sókè, mo rí Bọ̀dá Johnson lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù. Ó fọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn méjèèjì kó tó wọlé, mo sì rò pé ó ń rọra bí oyè tó jẹ ni.

"Ẹ káàsán, bọ̀dá. Aríran wa!"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ṣé nǹkan yẹn ṣì wà?"

"Nǹkan wo?"

"Sítíárì, jàre. Ò ń ṣe bí ẹni tí ò mọ̀."

"Ẹ̀jẹ́ tẹ́ ẹ jẹ́ ńkọ́?"

Ó wá àga, ó jókòó. "Ṣínà, jẹ́ n sòótọ́ fún ẹ. Mi ò rí nǹkan kan. Òrùka yẹn nìkan ni mo rí, òun náà ni mo ṣì ń rí dòní. Ìyókù, mò ń rò ó kàn ni. Tí obìnrin kan bá dìde tójú ẹ̀ wú, màá ní mo rí omijé. Tẹ́ni tó fẹ́ rìnrìn-àjò bá dìde, màá ní mo rí ọ̀nà. Akọ̀wé ti kọ ìwé mẹ́ta kún. Wọ́n sì ń gbààwẹ̀ lé e lórí o! Àwọn èèyàn ń febi panú lórí ohun tí mo ronú kàn nínú ọkọ̀ níbi tí mo ti ń dúró de Madam. Ó ti sú mi. Mo kàn fẹ́ wa ọkọ̀ níbi tí mi ò ti ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà."

Shuaib ti ń yọ kinní náà lábẹ́ tábìlì kó tó sọ̀rọ̀ tán. Eruku bò ó débi pé a fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. "Ẹ jókòó, bọ̀dá," Shuaib wí. "Tí wọ́n bá bèèrè yín, màá ní ẹ wá ra máòsì."

Lọ́jọ́ náà, ó wà á ní ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdì mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ìṣe aríran ti wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó ń wa ọkọ̀ bí ẹni ń tẹ̀lé pósí. Òun náà rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn, n kò ní parọ́. Inú èmi náà dùn. Ọdún mẹ́rin ni n kò fi rí ọ̀rẹ́ mi, n kò sì mọ̀ pé mò ń retí rẹ̀ àfìgbà tó dé. Ó ń purọ́ fún Fúnmilọ́lá pé òun ń lọ fọ ọkọ̀ Madam, ó sì ń wá. Sátidé kẹrin ọjọ́ dára fún un, ó gbé e wá sí ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdì mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó dìde, ó jó yí tábìlì ká. Mo rò pé ó ti ń padà bọ̀ nìyẹn. Kò ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bó bá ti dé Ìyànà Ìpájà, tó yẹ kó ká sí òsì, yóò kọlu ògiri. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ lápá òsì rẹ̀, yóò ya lù ú bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. "Sítíárì yìí ń fà," ó ní. Ẹni tó ń tún nǹkan ṣe, bí wọ́n bá ti ní nǹkan ń ṣe nǹkan, kí ló fẹ́ wò bí kò ṣe nǹkan náà? Mo tú sítíárì. Mo bá ìdọ̀tí nínú rẹ̀, mo nù ún, inú mi dùn bíi dókítà tó rí àrùn. Kò yàtọ̀. Mo pààrọ̀ sípíríǹgì rẹ̀. Kò yàtọ̀. Shuaib yá wa ní ojú kọ̀ǹpútà tuntun kan tó fẹ̀, bóyá èyí tó wà níbẹ̀ ló kéré jù. Ti èyí tún burú sí i. Bọ̀dá Johnson bẹ̀ wá pé ká gbé kékeré náà padà fún òun, ó sì fa àga rẹ̀ sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ó ní, "Tí mo bá jìnnà sí i, mo máa ń rí gbogbo ẹ̀."

Mo ní àgbà ti dé sí i. Àṣìṣe ò kan ọgbọ́n, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti èmi yìí kò tiẹ̀ ní ọgbọ́n kankan nínú. Ọkùnrin kan sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ pé ohun tó bá kéré tó sì jìnnà nìkan lòun ń rí tán, èmi ń wá síkírù.

Ní Sátidé kẹsàn-án, ooru mú, Shuaib ra mínírà mẹ́ta wá. Ó dúró lápá òsì Bọ̀dá Johnson, ó na ìgò kan sí i. Bọ̀dá Johnson ò gbà á. Shuaib ṣì na án síbẹ̀. Ìgò náà ò jìnnà sí ojú rẹ̀ ju ìwọ̀n apá kan lọ. Shuaib wò mí. Ó gbé ìgò sílẹ̀, ó na ìka mẹ́ta síbi tó na ìgò sí.

"Bọ̀dá, ẹ má yíjú o. Mélòó ni?"

"Mélòó ni kí ni?"

Ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín: ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Shuaib ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ń gbé ọwọ́ náà bọ̀ níwájú, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdojúkọ imú rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ̀n, ìka," Bọ̀dá Johnson wí. "Mẹ́ta. Ibo lo ti yọ?"

Ọkọ̀ tó ń wà lójú kọ̀ǹpútà ti wọ inú ògiri, kò sẹ́ni tó wò ó. Mo bi í pé ta ló gbé e wá lónìí. Ó ní òun náà ló wa ara òun wá, ọkọ̀ Madam wà níta. A jáde lọ wò ó. Apá òsì ọkọ̀ náà ti họ láti iná iwájú títí dé ẹ̀yìn, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ti fọ́, wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì í mọ́ra. Mò ń ronú gbogbo ọmọ ilé-ìwé tó ń sọdá láàárín Ọmọ́lé sí Aláúsá láràárọ̀.

"Àwọn ọlọ́kadà yìí ni," Bọ̀dá Johnson wí. "Wọn ò lójú mọ́. Wọ́n á kàn já yọ lójijì." Ó wo ọ̀nà ibi tó rò pé mo wà. "Ṣínà, ṣé wọn kì í já yọ lójijì ni?"

"Wọn kì í já yọ lójijì, bọ̀dá."

Shuaib gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló wa ọkọ̀ náà padà sí Ọmọ́lé lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Ọmọbìnrin kékeré lójú mi ni dókítà tó rí wa, Peace ni wọ́n kọ sí i láyà. Ó fi iná wo ojú, ó fi ẹ̀rọ kan kàn án, ó gbé Bọ̀dá Johnson síwájú ẹ̀rọ mìíràn, ó ní kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tó bá rí iná kékeré kan tó tàn. Mo jókòó lẹ́yìn, mò ń tẹ́tí sí bọ́tìnnì náà. Ó máa ń pẹ́ kó tó dún. Nígbà tó kan ojú òsì, kò dún rárá.

"Bàbá, omi tó wà nínú ojú yín ló ń ti ojú yẹn láti inú," dókítà wí. "Ó ti pa iṣan tó ń gbé ohun tẹ́ ẹ rí lọ sínú ọpọlọ. Ti òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ti ọ̀tún, bí ẹni ń yọjú nínú páìpù ni. Mi ò ní tàn yín sà, èyí tó ti lọ ò ní padà. Òògùn tí màá fún yín, tẹ́ ẹ bá ń kán an láàárọ̀ lálẹ́, tẹ́ ò fo ọjọ́ kan, ó lè dá èyí tó kù dúró. Àwọn tó bá ní i máa ń rí bí òrùka lára iná: ṣé ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i?"

"1999."

"Ah! Ká ní ìgbà yẹn lẹ wá ni, sà. Kí wá lẹ ṣe sí i?"

Bọ̀dá Johnson gbé orí sókè. "Wọ́n fi mí joyè," ó wí.

Dókítà rò pé ó ń ṣàwàdà. Èmi wojú ilẹ̀. Inú ń bí mi sí Wòlíì, inú ń bí mi sí akọ̀wé àti ìwé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìbínú náà, ara mi ló wà fún. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ò mọ̀ ju àdúrà lọ, àdúrà ni wọ́n gbà. Èmi tí mo ní mo mọ ohun tó ń ṣe nǹkan, oṣù méjì gbáko ni mo fi tún sítíárì tí kò bàjẹ́ ṣe.

Mo sìn ín dé ilé wọn ní Agége. Fúnmilọ́lá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Nígbà tí mo dé ibi eré Sátidé, ó jókòó.

"Ṣínà, ìwọ lo mú un da ẹ̀jẹ́," ó wí.

"Mummy Ìlérí, dókítà ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti bẹ̀rẹ̀."

"Dókítà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ẹ̀mí sọ̀kalẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Ojú yìí ò ṣe nǹkan kan nígbà tó fi ń sin Ọlọ́run. Ìgbà tó padà sídìí eré yín lẹ rí i pé ó ń fọ́. Ṣé Ọlọ́run ló wá ń purọ́?"

Bí èèyàn bá to ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò ju tèmi lọ. Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn, àfi bí mo ṣe rí i pé ó ti di etí agbádá ọkọ rẹ̀ mú, tó ń fi ọwọ́ ká a, tó ń tú u, bí ọmọ tó fẹ́ sùn. Kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ẹ̀rù ló ń bà á, ibi tó sì mọ̀ láti sá lọ bẹ́rù bá bà á kò ju ọ̀kan lọ.

Bọ̀dá Johnson lọ bá Wòlíì, ó jẹ́wọ́ pé òun ò rí ìran kankan rí, pé ṣe lòun ń rò ó kàn. Mo rò pé ìyẹn yóò tú u sílẹ̀. Wòlíì ní ẹ̀mí iyèméjì ló ń fọhùn lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní kó wá dùbúlẹ̀ nínú ilé àdúrà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, ààwẹ̀ àti omi àdúrà, kò sì gbọdọ̀ da òògùn pọ̀ mọ́ ìgbàgbọ́. Mo lọ bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún, òògùn wà nínú àpò mi. Ó jókòó sórí ẹní nínú aṣọ funfun, ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n kán an sí i kíá. Kò sẹ́ni tó ń wò wá."

"Rárá, Ṣínà."

"Ṣé ẹ gbà wọ́n gbọ́ ni?"

"Mi ò gbà wọ́n gbọ́."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Ó fọwọ́ pa ẹní náà. "Obìnrin kan wà nínú ìjọ yìí tí mo ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún kó tó rọ́mọ bí. Mo rò ó kàn ni. Ó gbà á. Ọmọ ò wá. Ó tún un gbà. Àwọn tó gbààwẹ̀ lé irọ́ mi pọ̀, Ṣínà. Èmi náà á gba tèmi."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Mo pe ojú ní ọba ara fún un, bí ẹni pé òun ni kò mọ̀. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó dì mí mú, ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún, òun tójú rẹ̀ ń lọ. Nígbà tí mo padà lọ́jọ́ kejìlá, àwọn tó wà lẹ́nu géètì ò jẹ́ kí n wọlé, wọ́n ní èmi ni adánniwò. Mo jókòó sójú rélùwéè pẹ̀lú òògùn lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Ó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún. Wọ́n dá orin. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ojú ọ̀tún ti lọ, òjìji nìkan ló kù. Dókítà Peace ní ká máa kán òògùn náà lọ, ó sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ní Aláúsá, Madam Oyinadé ò ṣe ìkà, ó wá àga kan fún un nínú yàrá àwọn dírẹ́bà títí ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò fi jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ìjọ kò gba àga rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ sún un súnmọ́ pẹpẹ sí i. Wọ́n ní Ọlọ́run ti pa ojú òde dé kí ti inú lè mọ́, àwọn èèyàn sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn kó lè rí sí wọn. Kò rí nǹkan kan sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ń jókòó ni. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dákẹ́.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá, Fúnmilọ́lá ló fà á lọ́wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà ò wo ojú mi. "Ó ní òun fẹ́ jókòó sídìí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i," ó wí. "Èmi ò ní wọlé." Ó dúró síta nínú èrò, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ra.

A gbé Bọ̀dá Johnson jókòó. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo bá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní èmi ni n óò máa sọ ọ̀nà fún un. Eré bẹ̀rẹ̀.

"Ọba Akran lẹ wà. Tẹná. Tẹná dáadáa, kò sẹ́nì kankan. Ọ̀tún díẹ̀. Ó tó. Búréèkì, búréèkì! Òsì báyìí. Yí i tán. Dá a padà. Tẹná!"

Ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé. Bí mo bá ti lanu, ó ti yí i. A kọlu ògiri lẹ́ẹ̀mejì, a tún bẹ̀rẹ̀, nígbà kẹta a yí i po láìfarakan nǹkan kan. Ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ńdì mẹ́tàlélógójì. Shuaib pariwo débi tí àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì fi yọjú. Èmi náà ń fò. Bọ̀dá Johnson gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárì, ó kó o lé itan.

Kọ̀ǹpútà bèèrè orúkọ ẹni tó wà á. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i.

"Méje lo tẹ̀," Bọ̀dá Johnson wí. "Johnson lo kọ."

"Ẹ̀yin náà lẹ wà á, bọ̀dá."

"Ìwọ lo wà á. Èmi kàn di sítíárì mú ni. Pa á rẹ́."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

"Pa á rẹ́, Ṣínà. Kọ tìẹ."

Mo pa á rẹ́. Mo tẹ orúkọ ara mi. Ó dẹtí sílẹ̀, ó ń ka bọ́tìnnì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́rin," ó wí. "Ó dáa." Ó dìde, ó nawọ́ síwájú, ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá mú òun relé. Ògiri ló kọjú sí tó ń pè é.